Ogójì Ọjọ́ Luben

"Méjìlá," Nevena kà á sókè, ó sì tún fi ọwọ́ lu ẹ̀yìn ṣọ́bìrì tó gbé lé orí òpó yìnyín tó gé nínú kòtò tó gbẹ́, láti fi mọ̀ bóyá yìnyín òkè náà yóò dúró.

Kò tíì ka ẹ̀tàlá tí òpó náà fi yọ̀ láàárín, tí apá òkè rẹ̀ sì já lé e lẹ́sẹ̀ lódidi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu yìnyín abẹ́ rẹ̀ sọ́wọ́. Kò dì. Ńṣe ló ń dà láàárín ìka rẹ̀ bíi ṣúgà. Orí ṣúgà yìí ni ẹ̀fúùfù ọjọ́ mẹ́ta to yìnyín tuntun lé ní gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wà níwájú rẹ̀. Bí ẹnì kan péré bá fi síkì, pátákó gígùn tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, gba àárín ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ lè ya lulẹ̀ kó sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n òní ló pé ogójì ọjọ́ tí àìsàn ọkàn pa Luben, ọkọ rẹ̀. Àlìkámà sísè tó fi àsálà sí, èyí tí wọ́n máa ń pín lọ́jọ́ náà fún ìrántí òkú, wà nínú báàgì rẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún un lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pé ilé àwọn agunkè tó wà lódìkejì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí, níbi tí àwọn ti kọ́kọ́ pàdé, ni òun yóò ti pín in. Ogójì ọjọ́ kì í sì í sún di ọ̀la.

Òfin kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ní fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n fi jọ gun òkè Pirin: bí ẹnì kan bá ti ní rárá, ó di ilé, ẹnìkejì kò gbọdọ̀ béèrè ìdí. Luben ló sábà máa ń sọ ọ́. Nevena á kanra, á sì máa pè é ní ojo títí wọn yóò fi délé.

"Luben, kí lo wí?" ó bi òfuurufú.

Ilé tó ṣófo, àga tó ṣófo, ó ti fara da gbogbo ìyẹn. Èyí ló dùn ún jù: kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé rárá mọ́. Ipa síkì ẹnì kan wà níwájú, ti àná, ó la gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà já. Ẹni yẹn ṣáà kọjá, kò kú. Nevena bẹ̀rẹ̀, ó ń di bàtà rẹ̀ kí òun náà lè kọjá.

"Àǹtí Nevena! Ẹ mà lè rìn o!"

Kamen ni, alábúrẹ́dì àdúgbò wọn. Òógùn bò ó.

"Ta ló ní kí o tẹ̀lé mi?"

"Ipa síkì yín ni mo rí nísàlẹ̀. Mo ní ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Luben mà nìyẹn, tí wọ́n bá ti gba ibẹ̀, kò séwu."

"Ìwọ gbẹ́ yìnyín wò?"

"Kí ni mo fẹ́ gbẹ́? Ìyẹ̀fun lèmi mọ̀. Ẹ máa lọ níwájú, mò ń bọ̀ lẹ́yìn."

Nevena wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ipa síkì tirẹ̀ nà tààrà títí dé inú igbó, ti Kamen sì wà nínú rẹ̀. Bí òun náà ṣe fẹ́ tẹ̀lé ti ẹni àná gan-an nìyẹn.

"Rárá," ó ní. "Ó di ilé."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Ṣebí ẹnì kan kọjá níbẹ̀ yẹn!"

"Mo ní rárá, Kamen."

Kamen bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Àǹtí wa ti di ojo!"

"Ojo ni yóò jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà lálẹ́."

Ọ̀rọ̀ Luben ni. Bó ṣe máa ń dá a lóhùn gan-an nìyẹn. Omi bọ́ lójú Nevena, kò sì nù ún. Ó tú báàgì rẹ̀, ó sì bu àlìkámà sí Kamen lọ́wọ́ nínú kòtò tó gbẹ́ níbẹ̀. Nígbà náà ni Kamen rántí ohun tí òní jẹ́. Ó ṣí fìlà.

"Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n."

"Àmín."

Wọ́n jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró. Kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, Nevena fi síkì fa ìlà jíjìn kan dábùú ìpẹ̀kun ojú ọ̀nà rẹ̀, kí ẹni tó bá tún ń tẹ̀lé e bọ̀ lè rí i pé ibẹ̀ ló ti padà.