Ẹni Tí Wọ́n Ń Wò

Ọwọ́ Oyèwálé ṣì wà lókè, ó ń lu afẹ́fẹ́, nígbà tó rí i pé gbogbo ẹnu àwọn akọrin ti padé. Orin ti tán. Òun nìkan ni kò mọ̀. Ó yára fi ọwọ́ náà tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì wúkọ́ bí ẹni pé ohun tó fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ má sáré níbi ẹsẹ kejì. Ẹ lọ múra."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Babáwálé, tó ń kọ ohùn tẹ́nọ̀ ní ìlà iwájú, kàn ń wo bàtà ara rẹ̀. Ojú lásán kọ́ ni Oyèwálé fi ń wo ọkùnrin yìí. Gbogbo ìgbà ló ń mi orí, tó ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ti fi jọba lórí kwáyà. Ó sì dà bíi pé wọn kò ní pẹ́ fi í jọba lóòótọ́, nítorí wọ́n ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé lẹ́yìn Ìkórè òní, ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yóò gba kwáyà lọ́wọ́ Oyèwálé, wọn yóò fà á lé Babáwálé lọ́wọ́.

Ẹ̀sùn wọn kò ju ọ̀kan lọ: ọ̀gá akọrin ti ń gbéra ga. Màmá Oyinkán, ìyá ẹgbẹ́ obìnrin, ló gbé e dé ọ̀dọ̀ alùfáà. Ó ní òun kí i lórí àtẹ̀gùn, kò dáhùn. Òun tún kí i níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó kọjá lára òun bí ẹni tó kọjá lára igi. "Àbí nítorí pé ó ra ilé olówó ńlá sí Springdale ni? Èmi tí mo tó bí i!" Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kí àgbà kí ọmọdé kí ọmọdé má dáhùn, ọ̀ràn ni.

Oyèwálé kò gbọ́ ni. Etí òsì ti lọ, ti ọ̀tún sì ń tẹ̀lé e. Ọmọ́kẹ́mi ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, bẹ̀ ẹ́ títí kí ó sọ fún ìjọ, ó kọ̀. Ta ni yóò fi kwáyà sílẹ̀ fún adití? Ó sàn lójú rẹ̀ kí wọ́n pè é ní agbéraga. Iṣẹ́ ìṣirò tó ń ṣe lọ́fíìsì ló ń bọ́ ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kwáyà yìí ló ń mú kí ó jí láyọ̀.

Àwọn òyìnbó tó ni ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọ wọn ń yá lò ní Landover, lókè òkun níbẹ̀, kò tíì parí ìsìn tiwọn, nítorí náà ó lọ jókòó nínú ọkọ̀. Tọ́pẹ́ ọmọ rẹ̀ bá a níbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Largo ni ọmọ náà ń lọ, ó sì ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ níwájú kíláàsì lọ́jọ́ kejì. Olùkọ́ wọn ti fún wọn ní ọdún kan ṣoṣo, 1824, pé kí wọ́n wo ohun tí àwọn ará Yúróòpù kọ, tí wọ́n yà, tí wọ́n sì fi kọrin lọ́dún náà.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ ọ́, àmọ́ ó kọjú sí bàbá rẹ̀, ó sì ń la ẹnu dáadáa. Ó sọ ti akéwì ọlọ́lá kan tó lọ ran àwọn ará Gíríìsì lọ́wọ́ nínú ìjà òmìnira wọn, tí ibà sì pa síbẹ̀. Ó sọ ti ayàwòrán kan tó ya kẹ̀kẹ́ ẹrù nínú odò, tí àwọn ará Paris ya ẹnu wò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá kan ìlú Vienna.

"Olórin kan wà níbẹ̀ tí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, Dádì. Òun ló kọ orin náà, ó dúró níwájú wọn, ó ń juwọ́. Wọ́n kọ ọ́ tán, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fi aṣọ ìnujú juwọ́ sókè, kò mọ̀, torí ó kẹ̀yìn sí wọn. Obìnrin kan lára àwọn akọrin ló fà á lápá, tó yí i padà kó lè rí wọn."

Oyèwálé bi í léèrè. "Bí kò bá gbọ́, báwo ni wọ́n ṣe kọ ọ́ já?"

"Ẹlòmíì wà níbẹ̀. Òun ni wọ́n ń wò. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má tẹ̀ lé ọwọ́ bàbá yẹn."

"Wọ́n tàn án jẹ nìyẹn."

Tọ́pẹ́ wò ó. Ó pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé.

Nígbà tí ìsìn àwọn Oyèwálé bẹ̀rẹ̀, iṣu tí wọ́n rà lọ́wọ́ ará Gánà, elégédé ńláńlá àti àpò ìrẹsì ti kún iwájú pẹpẹ. Kwáyà dìde. Oyèwálé ń gbọ́ ọ́gáànù láti àtẹ́lẹsẹ̀ ju láti etí lọ. Lọ́tẹ̀ yìí kò gbé ojú kúrò lẹ́nu àwọn akọrin, nígbà tí ẹnu wọn sì padé, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ lákòókò. Létí rẹ̀, gbogbo nǹkan pa rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ojú àwọn akọrin ti kọjá èjìká rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ohun kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fà á lápá. Òun fúnra rẹ̀ ló yí padà.

Gbogbo ìjọ ti wà lórí ìdúró. Aṣọ ìnujú funfun ń fì lókè láti ìlà iwájú títí dé ẹnu ọ̀nà. Omi ayọ̀ bọ́ lójú Oyèwálé. Lẹ́yìn náà ló rí ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó: Màmá Oyinkán, ọwọ́ méjèèjì lórí àpamọ́wọ́, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Oyèwálé sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìjọ, pẹ̀lú ẹ̀wù akọrin lọ́rùn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá náà.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ kí mi, n ò gbọ́ ni. Etí mi ti lọ, Màmá. Kì í ṣe ìgbéraga."

Màmá Oyinkán ká ọwọ́ lérí. Ó fà á dìde, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ojú rẹ̀ mú, kó lè rí ẹnu òun.

"Ṣé etí ni? Áà! Etí ni, èmi wá ń rojọ́ rẹ kiri! Má bínú, ọmọ mi."

Ó rí gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ìyá náà. Ìyá fa aṣọ ìnujú tirẹ̀ yọ, ó fi nu ojú fún un, omijé tirẹ̀ ń ṣàn sílẹ̀. Kí ìsìn tó tú tán, ó ti wà lọ́dọ̀ alùfáà, ó ń fagi lé ẹjọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé lọ.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń bọ́ ẹ̀wù, Oyèwálé kó àwọn akọrin jọ. "Ohun kan wà tí mo ti ń fi pa mọ́ fún yín."

"A mọ̀, sà," Babáwálé ní.

"Kí lẹ mọ̀?"

"Etí yín, sà. Láti ìgbà Àjíǹde la ti mọ̀. Tí ọwọ́ yín bá ṣáájú, tàbí tó bá kù lẹ́yìn, èmi ni wọ́n máa ń wò." Ó tẹrí ba bí ẹni tó jalè. "Ìgbìmọ̀ fi kwáyà lọ̀ mí, mo ní mi ò gbà. Ẹ má bínú, sà."

Orí tó ń mì. Ẹsẹ̀ tó ń lulẹ̀. Oyèwálé wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọpẹ́ kún inú rẹ̀. Ó dì mọ́ Babáwálé, kò tètè fi í sílẹ̀.

Tọ́pẹ́ ló wa ọkọ̀ lọ sílé. Bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Lọ́la, a máa lọ sí Clinton, lọ kí Babáwálé nílé rẹ̀. Ọpẹ́ tí mo dú ní ṣọ́ọ̀ṣì kò tó."

"Ó dáa, Dádì."

"Ọkùnrin ọ̀hún ní Vienna, èyí tí wọ́n ń wò. Kí lorúkọ rẹ̀?"

Iná pupa dá wọn dúró. Tọ́pẹ́ yí ojú sí i kí ó tó dáhùn. "Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀. Ti olórin yẹn nìkan ni mo mú."

"Wá a rí," Oyèwálé ní. "Tí o bá dé iwájú kíláàsì lọ́la, òun ni kí o kọ́kọ́ dárúkọ."