Ìdì Tó Funfun Nínú

Fàwàsíyà ti rí ọ̀lẹ rí, ó sì ti rí òmùgọ̀, àmọ́ Pascal lẹni àkọ́kọ́ tó kó méjèèjì pọ̀ sínú aṣọ iṣẹ́ funfun kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ Fàwàsíyà ni láti rí i pé aláìsàn kankan kò kó àìsàn mìíràn lọ sílé láti kílíníìkì wọn ní àdúgbò Koumassi Remblais. Pascal, àbúrò Dókítà Fiacre tó ni ibẹ̀, ló ń fi ìkòkò ooru se irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ kí kòkòrò àìsàn ara wọn lè kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ràmúlátù ará Ìgbòho ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde níkùn rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mú ọjọ́. Ọmọ kò kánjú. Dókítà ló ń kánjú, nítorí oúnjẹ ọ̀sán tó fẹ́ lọ jẹ ní ilé oúnjẹ kan ní Zone 4.

Fàwàsíyà ṣí ìkòkò. Pascal ti ki ìdì irinṣẹ́ mọ́ ìdì, ó há pinpin bíi báálì òkìrìkà.

"Pascal, ibo ni ooru fẹ́ gbà?"

"Tàǹtí, ẹ wo téèpù tí mo lẹ̀ mọ́ òde ìdì. Ó ti dúdú. Ó ti jinná."

Dókítà yọjú. "Màdámù, ìwé wo lẹ kà jù mí lọ? Ṣebí ọmọ oníbáálì ni yín."

"Ọmọ oníbáálì ni mí, Dókítà. Bàbá mi ló kọ́ mi pé òjò kì í dé àárín báálì tí wọ́n bá dì í le. Ooru náà kò ní dé ibẹ̀."

Ó fa ìdì àárín yọ, ó tú u. Bébà tí òun fúnra rẹ̀ ti fi sínú rẹ̀ kí wọ́n tó sè é, èyí tí ooru máa ń sọ di dúdú, ṣì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú.

"Bébà lásán," ni Dókítà wí. "Ẹ gbé e wọlé. Abẹ́rẹ́ tá a máa gún un á bójú tó ìyókù."

Fàwàsíyà ń tú ìdì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń da ọ̀bẹ àti àlùmọ́gàjí sínú báàfù ọṣẹ.

"Yéè! Tàǹtí!" ni Pascal ké.

"Dókítà, tẹ́ ẹ bá ṣì ń kánjú, ẹ fi èékánná ṣe é," ni Fàwàsíyà wí.

Nígbà tó fọ̀ wọ́n tán, ó tún wọn dì, ó tò wọ́n lóòró sínú ìkòkò, ó fi àlàfo ìka kan sáàárín wọn. Ooru á wọlé láti òkè, á ti afẹ́fẹ́ tútù jáde nísàlẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn bó ṣe ń gbọ́ tí ìkòkò ń mí. Lẹ́nu ọ̀nà, Dókítà ń fi fóònù bẹ àwọn ilé oúnjẹ Zone 4 pé kí wọ́n fi àyè òun sílẹ̀.

"Ṣé wọn ò tíì ṣetán ni?" Ràmúlátù béèrè.

"Ó ku díẹ̀, ìyá ọmọ. À ń sè é lọ́wọ́. Àwọn kan ti fẹ́ gbé e fún yín ní tútù."