Ẹ̀kọ́ Fèrè

Kí Mojírádé tó mọ ohun tó ń ṣe, àyà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì. Fèrè ṣì ń dún lóde, kíkúrú, léraléra, bí igbe àgbébọ̀ tó rí àwòdì. Gbogbo ọmọ kíláàsì tó ń kọ́ ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n dojú bolẹ̀ sábẹ́ tábìlì, wọ́n káwọ́ lé orí, wọ́n panu mọ́. Kò sí ẹni tó ké. Kò sí àga kan tó ṣubú. Ìwé tó ń kà sí wọn létí ṣì wà ní ṣíṣí lórí tábìlì rẹ̀, atẹ́gùn sì ń ṣí ojú ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ta ló ti ilẹ̀kùn? Òun náà ni. Ó rántí pé irin ilẹ̀kùn tutù lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n kò rántí ìgbà tó pinnu láti tì í.

Fèrè dákẹ́. Ìyẹn ló tún wá burú jù. Bí Ọ̀gbẹ́ni Oyèkọ́lá, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, bá ti fọn fèrè tán, ohun tó kù ni kí òun náà wá ibi fara pamọ́ sí. Ó sì ti sọ fún àwọn olùkọ́ lánàá pé kò ní sí ìdánrawò mọ́ lọ́sẹ̀ yìí. A jẹ́ pé ó ti rí nǹkan.

Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti gbé àgbẹ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ lójú ọ̀nà oko kòkó ni ẹ̀kọ́ fèrè ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé náà, tó dá dúró láàrin igbó lójú títì Ìsẹ̀ sí Èmùré, tí kò ní ògiri, tí kò ní géètì. Bí fèrè bá dún kíkúrú léraléra, kí kálukú ti ilẹ̀kùn, kí ó dojú bolẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde, ìbáà ṣe ohùn ìyá tó bí i lọ́mọ ló gbọ́, àfi bí fèrè bá tún dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gígùn. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ni àwọn ọmọ ń rín. Ni Oyèkọ́lá bá ní kí wọ́n máa na ẹni tó bá kẹ́yìn. Mojírádé kò fẹ́ràn pàṣán. Òun ló dá a lábàá pé kí wọ́n kúkú máa fún ẹni tó bá kọ́kọ́ kanlẹ̀ ní bísíkíìtì. Wọ́n lo méjèèjì. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi tán.

Ìwé tí wọ́n ń kà lọ́jọ́ náà, òyìnbó kan ló kọ ọ́ láyé àtijọ́, nípa ìlú ọjọ́ iwájú kan níbi tí ìjọba ti ń fi ìró àti ìpayà tọ́ ọmọ láti ìkókó, títí ọmọ náà yóò fi máa sá fún ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó sá fún, tí yóò sì rò pé ìfẹ́ inú òun ni. Ó wà lára ìwé tí wọ́n máa fi ṣèdánwò. Mojírádé fẹ́ràn láti máa kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn láti máa bú ìjọba ìlú náà.

Favour, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú jù ní kíláàsì, ló nawọ́ sókè.

"Mà, àwọn ọmọ yẹn, ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba àwọn, àbí wọ́n rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá àwọn nìyẹn?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn."

"Àwa ńkọ́, mà? Fèrè tiwa ńkọ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mojírádé la ẹnu láti dáhùn. Ẹnu yẹn ló ṣì là tí fèrè fi dún.

Nísinsìnyí, lórí sìmẹ́ńtì, ó ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́tò ńlá kan tó ń húkọ́ bí arúgbó lójú títì. Ilẹ̀kùn mọ́tò náà ṣí gbàgà. Ohùn ọkùnrin. Ohùn ọkùnrin mìíràn. Ó fi àyà fà dé abẹ́ fèrèsé, ó gba àlàfo pákó yọjú. Bọ́ọ̀sì funfun kan ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, àwọn ọkùnrin tó wọ dúdú látòkè délẹ̀ sì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ kan ti tọ̀ sára. Ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Síbẹ̀ ọmọ náà kò sún kúrò nínú rẹ̀.

Ìgbà náà ló rí Ẹniọlá.

Ọmọdébìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn ni. Láti Òmùò ló ti wá gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ télọ̀. Wọ́n ti rán an lọ bu omi nídìí táǹkì kí fèrè tó dún, kò sì sí ẹni tó tíì ṣàlàyé ẹ̀kọ́ fèrè fún un. Ó dúró tòun ti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ bo oòrùn lójú, ó ń wo àwọn àlejò. Ọ̀kan nínú wọn juwọ́ sí i. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ bá wọn.

"Má lọ," ni Mojírádé wí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ nìkan ló mì, ohùn kò jáde.

Ó ní kí ẹsẹ̀ òun dìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Bí ó bá ṣílẹ̀kùn, àwọn tó wà nínú ilé ńkọ́? Ṣé àwọn náà kì í ṣe ọmọ ẹnìkan ni? Bóyá ẹlòmíràn ti rí i. Bóyá Oyèkọ́lá ti ń bọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àwọn baba tó pa òwe náà kò sọ ohun tí àgbà yóò ṣe bí òun náà bá dojú bolẹ̀ sábẹ́ fèrèsé. Ó gbé orókún kan. Ó gbé ìkejì. Ó rá dé ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí irin, ni nǹkan bá dì í lọ́rùn ẹsẹ̀ mú.

Favour ni. Ojú rẹ̀ dì pinpin.

"Wọ́n ní ká má ṣílẹ̀kùn, mà."

"Ọmọ kan wà lóde, Favour."

Ọmọ náà tún wá fún ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra sí i. Kò lajú. Ṣe ni Mojírádé ń já ìka rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń já koríko èèmọ́ kúrò lára aṣọ, kó tó ráyè jáde.

Oòrùn lóde náà funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Pápá tó máa ń gbà kọjá lójoojúmọ́ wá gùn bí ẹni pé wọ́n fà á. Ara rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìṣísẹ̀ pé kó wólẹ̀, kó dojú bo koríko. "Ẹniọlá!" Ohùn náà jáde wàyí, ṣùgbọ́n ó ha. Ọmọ náà yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọkùnrin kan tẹ̀ mọ́ iwájú bọ́ọ̀sì, ó ń fi ife da omi sínú ẹ́ńjìnnì, èéfín sì ń bo ojú rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, àwọn obìnrin tó wọ dúdú ń fi ìwé orin fẹ́ra.

"Ẹ káàsán o, ìyá wa," ni ọkùnrin náà wí. "Ìkéré la ti ń bọ̀, à ń lọ kọrin níbi ìsìnkú kan ní Àgbàdo. Mọ́tò wa ló gbóná. Ọmọ yín yìí ló ṣàánú wa." Ó wo ìdọ̀tí tó bo iwájú aṣọ Mojírádé. "Àbí kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan," ni Mojírádé wí. Ó ti di èjìká ọmọ náà mú. Ó fẹ́ gbá a létí, ó fẹ́ gbé e mọ́ra.

"Wọ́n bi mí bóyá omi wà," ni Ẹniọlá wí. "Mo ní ó wà."

Nígbà tí bọ́ọ̀sì náà ṣí, àwọn akọrin juwọ́ sí wọn, Ẹniọlá náà juwọ́ padà títí mọ́tò fi wọ kọ́nà.

Mojírádé padà sí kíláàsì. "Ẹ dìde," ló wí. "Akọrin ni wọ́n. Wọ́n ti lọ."

Kò sí ẹni tó mira.

"Èmi ni. Ẹ wò mí. Favour, dìde."

Ó fọwọ́ kan ọmọ náà léjìká. Èjìká náà le gbagidi. Gbogbo ilé-ìwé pa lọ́lọ́, tó bẹ́ẹ̀ tó ń gbọ́ eṣinṣin lójú fèrèsé, òun nìkan ló dúró láàrin wọn bí ẹni tó ṣìnà wọ itẹ́ òkú. Ó sáré lọ sí ọ́fíìsì. Abẹ́ tábìlì ló ti bá Oyèkọ́lá, ọkùnrin tó ga tó òpó, tó ká jọ bí aṣọ. Fèrè ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti lọ?"

"Ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọn ọ́n kí àwọn ọmọ lè dìde."

Ó kọ́kọ́ fọn ọ́n, kò dún. Èémí rẹ̀ kò tó o. Nígbà tó wá dún, gígùn, gbogbo kíláàsì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Mojírádé dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà gbọn eruku nù, wọ́n tò, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, àtẹ́lẹwọ́ lókè, wọ́n ń dúró de bísíkíìtì. Favour wà láàrin wọn. Èyí tó tọ̀ sára náà wà láàrin wọn.

"Wọ́n ṣe dáadáa," ni Oyèkọ́lá wí lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. "Àfi ọmọ tuntun yẹn. Màdáámù, ẹ kọ́ ọ kó tó lọ sílé lónìí."

"Òun nìkan ló ṣe bí èèyàn nínú gbogbo wa, sà."

"Mo mọ̀." Ó jókòó sórí pèpéle. Lójijì ni ó dà bí arúgbó. "Bó bá wá jẹ́ àwọn yẹn gan-an ni wọ́n dé ńkọ́? Ta ni yóò lọ bá ìyá àgbà rẹ̀? Èmi ni, àbí ẹ̀yin?"



Lẹ́yìn tí ilé-ìwé jáde, ó mú Ẹniọlá wọ kíláàsì tó ṣófo. Ó fi ẹnu ṣe ìró fèrè, ó ní kí ọmọ náà dojú bolẹ̀. Ẹniọlá rẹ́rìn-ín, ó sùn gbalaja, ó tún ń yọjú wò ó láti abẹ́ apá.

"Ta ló ń bọ̀, mà?"

"Ó lè má sí ẹnikẹ́ni."

"Kí la wá ń sá fún?"

Kò sí pàṣán lọ́wọ́ Mojírádé, kò sì fún un ní bísíkíìtì. Òtítọ́ ló sọ fún un. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó sọ ti àgbẹ̀ náà àti ìyàwó rẹ̀, bí wọ́n ṣe tàn wọ́n dúró, pé wọ́n kàn bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wọn ni, àti bí obìnrin náà ṣe rí lọ́jọ́ tó padà dé. Ó rí i bí ojú ọmọ náà ṣe ń yí padà. Nígbà tó tún ṣe ìró fèrè, Ẹniọlá wólẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Kò yọjú.

Wọ́n jọ jáde sí títì láti wọ mọ́tò. "Ìyá àgbà mi á ti máa retí mi ní ulé," ni ọmọ náà wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Takisí kan bọ̀ láti Ìsẹ̀, ó rọra dẹ eré. Awakọ̀ rẹ̀, bàbá onírùngbọ̀n funfun kan, yọ orí síta. "Èmùré lẹ̀ ń lọ ni?" Ó rí ọmọdé, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó juwọ́.

Ẹniọlá ti wà lẹ́yìn Mojírádé. Kò sí fèrè tó dún. Ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ọwọ́ ẹni tí òtútù ibà mú. Bàbá náà ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró.

Ara Mojírádé rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ara ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti wọlé ṣáájú òjò. Ìgbà tí ìtura náà dé àyà rẹ̀ tán ló mọ ohun tó jẹ́: ẹ̀rù tí òun fi sínú ọmọ náà ló fi òun lọ́kàn balẹ̀. Ó di ọwọ́ tútù náà mú, kò sì lè gbé ẹsẹ̀ wọ mọ́tò.