Ife tí Musabbah Mì

Musabbah ti ń retí Iléyá yìí láti ìgbà tí oṣù ti lé. Kì í ṣe nítorí ẹran. Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ rí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Butti, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti fi ìyá àwọn méjèèjì sẹ́yìn ògiri ilé rẹ̀ ní ìlú Dibba nílẹ̀ Lárúbáwá, tí kò jẹ́ kí Musabbah fojú kàn án. Ẹ̀ṣẹ̀ Musabbah ni pé nígbà tí bàbá wọn kú, inú aṣálẹ̀ ló wà tó ń fi àṣá dọdẹ. Ọjọ́ kẹta ló tó gbọ́. Ni Butti bá búra lójú gbogbo ẹbí pé, "Ẹni tí kò sin bàbá, kí ló ń wá lọ́dọ̀ ìyá?" Ìyá àgbà náà kò mọ̀ nípa ìbúra kankan o. Tó bá ti béèrè pé Musabbah dà, Butti á ní kò ráyè ni. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Lọ́jọ́ ọdún, wọn kì í ti ilẹ̀kùn yàrá àlejò mọ́ ẹnikẹ́ni. Musabbah mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi ti yídì lọ tààrà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Butti fi imú kan imú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kíra níbẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọdún, àbúrò mi," nítorí àwọn aládùúgbò ń wò.

Wọ́n jẹ dàbínù. Butti fúnra rẹ̀ ló ń bu kọfí kiri. Nígbà tó kan Musabbah, ó gba ife, ó sì rọra gbé e sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀ láìmu.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ẹni tó bá gbé ife sílẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló gbé wá, kò sì ní mu ún títí onílé yóò fi gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà. Onílé tó bá jẹ́ kí kọfí àlejò tutù, ọmọ-ọmọ rẹ̀ á gbọ́ èébú rẹ̀.

Butti ń sọ̀rọ̀ àgbò ní tirẹ̀.

"Butti," ni Baba Ghanim tó dàgbà jù níbẹ̀ wí, "kọfí ń tutù níwájú àbúrò ẹ o."

Butti yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín. "Háà, Musabbah! Èwo ni ti ẹ̀bẹ̀ láàárín èmi àti ẹ? Mu kọfí ẹ jàre. Kí ló wà nílé yìí tí mo máa fi dù ẹ́?"

Ayọ̀ ò jẹ́ kí Musabbah rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ife, ó gbé e mì. Ọdún mẹ́ta! Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ife náà sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Kíá ni Butti ti gbà á.

"Ẹ wò ó, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó mu ún, ó sì mi ife. Ó ti tó o nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì sọ nǹkan kan. Yumma, ìyá wa, ni mo fẹ́..."

"Ẹni tó mi ife, ó ní òun ò fẹ́ nǹkan kan mọ́ lọ́wọ́ onílé. Àbí wọ́n ti yí àṣà yẹn padà nínú aṣálẹ̀ tí o máa ń lọ?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ rẹ̀ ló gbọ̀n," ni Baba Ghanim wí.

"Ẹ má bínú, Baba. Ẹ̀dọ̀ àgbò yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ni. Ẹ bù ú jẹ."

Baba Ghanim bù ú jẹ, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀. Inú ń bí mi sí irú àgbà bẹ́ẹ̀.

Butti ké sínú ilé pé kí wọ́n gbé tùràrí wá. Lẹ́yìn tùràrí, ìjókòó ò sí mọ́. Ó fẹ́ èéfín sí aṣọ funfun àbúrò rẹ̀, ó sì rọra sọ fún un pé, "Yumma ló po èyí. Gbóòórùn ẹ̀ dáadáa." Lẹ́yìn náà ó gba ilẹ̀kùn inú wọlé lọ.

Musabbah ń wọ bàtà ní àgbàlá nígbà tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Ohùn náà ti rù. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ló wà, ìyàwó onílé-onílé kún ibẹ̀, àlejò ọkùnrin kì í já wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ẹnu nìkan ló kù fún un.

"Yumma!" ló ké. "Yummaaa!"

Àwọn àgbò tí wọ́n so mọ́ àgbàlá gbè é, wọ́n ń ké. Ó tún ké, omi ti gba ojú rẹ̀.

"Butti," ni ìyá àgbà náà wí nínú ilé, etí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́. "Àgbò wo ló ń ké báyìí? Igbe ẹ̀ ń dà mí láàmú."

"Èyí tó kẹ́yìn ni, Yumma. Ẹ má dá a lóhùn."

"Ẹ tètè dú u, ọmọ mi. Kò dáa kó máa jẹ̀rora."