Itan Adìẹ Tó Gbóná Tí Kò Jinná

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin kò kan ilẹ̀kùn. Ó ní òun kì í kan ilẹ̀kùn ilé àbúrò òun. Ó wọlé pẹ̀lú báàgì ńlá tó ṣófo, ó jù ú sórí àga, ó ní, "Ìyàwó, mo wá mú ìyá mi lọ."

Ọdún kejìlá rèé tí mo ti wà nílé yìí. Kò pe orúkọ mi rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún Màámi, ìyá ọkọ mi, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ń sinmi sí. Dókítà ti kìlọ̀ pé bí inú wọn bá tún dàrú, wọ́n lè ní láti là á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣọ́ gbogbo ohun tó ń wọ ẹnu wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ebi ni mo fi ń pa ìyá òun.

"Gbogbo ara wọn ti di egungun," ló wí. "Wọ́n á jẹ ẹran gidi kí wọ́n tó kúrò nílé yìí."

Ó ṣí firísà, ó fa itan adìẹ kan tó le gbagidi yọ, ó gbé e sórí àwo, ó sì tì í sínú máíkírówéfù láì bò ó. Ó tẹ ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí yìnyín ara rẹ̀ yọ́ ná," ni mo wí. "Ó sì yẹ ká gé e wẹ́wẹ́."

"Ta ló bi ọ́? Afọbọ́ ilé ìwòsàn ti di dókítà."

Lóòótọ́, abọ́ ni mò ń fọ̀ nílé ìdáná ilé ìwòsàn. Ó ti tó ọdún méje tí mo ti ń wo àwọn alásè ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àárín ẹran, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ooru ti dé ibẹ̀. N kò sọ ìyẹn fún un. Kò ní gbọ́.

Ẹ̀rọ náà dún. Èéfín ń rú lára ẹran, ọ̀rá etí rẹ̀ sì ń ta. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi ìka kàn án, ó yára fà á padà, ó ki ìka náà bọ ẹnu.

"Ó ti gbóná."

"Ó gbóná, àmọ́ kò jinná."

"Kí ni ìyàtọ̀ ńbẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà gbóná wọlé, Àǹtí. Ṣé ẹ jinná ni?"

Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó gbé àwo, ó kọjá lọ sí yàrá. Mo mú ọ̀bẹ, mo tẹ̀ lé e.

Màámi jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí mẹ́ta. "Mò ń gbọ́ gbogbo yín," ni wọ́n wí. "Ebi ń pa mí."

Kí ọmọ wọn tó gbé àwo lé wọn lẹ́sẹ̀, mo ti ki ọ̀bẹ bọ ẹ̀gbẹ́ egungun. Ọ̀bẹ wọlé díẹ̀, ó kọ́. Yìnyín ṣì wà níbẹ̀. Omi pupa ṣàn sínú àwo.

Màámi wò ó pẹ́. Wọ́n ti àwo náà padà sọ́dọ̀ ọmọ wọn.

"Ìwọ kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

"Màámi, èmi kọ́ ni mò ń ṣàìsàn."

"Mo mọ̀. Jẹ ẹ́ kí n rí ọ."

Ó mú fọ́ọ̀kì, ó gún ẹran, ó gbé e sókè díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e kalẹ̀.

"Báàgì rẹ wà ní pálọ̀," ni Màámi wí. "Má gbàgbé ẹ̀."

Bó ṣe ń jáde lọ, ó fi èjìká gbá mi. Ó fi agbára pa ilẹ̀kùn dé tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn abọ́ fi mì lórí pẹpẹ.

N kò dá ẹran náà padà sí firísà. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ náà yọ́ yìnyín rẹ̀ tán, mo gé e wẹ́wẹ́, mo bu omi díẹ̀ sí i, mo dé e, mo sì tún gbé e padà sínú ẹ̀rọ. Mo rò ó pọ̀ lágbedeméjì, mo tún fún un níṣẹ́jú mìíràn. Nígbà tó parí, mo fi í sílẹ̀ lábẹ́ ìdérí rẹ̀ díẹ̀ kí ooru lè yí i ká. Mo wá la èyí tó tóbi jù. Inú rẹ̀ funfun, omi rẹ̀ mọ́ gaara.

"Ṣé ó gbóná?" ni Màámi bi mí.

"Ó jinná, mà."

Wọ́n jẹ ẹyọ kan, wọ́n jẹ èkejì.

"Ta ló ní kó o máa bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn? Ṣé ẹran ni ọmọ mi ni, tó o fi ń bi í bóyá ó jinná?"

"Ẹ má bínú, mà. Kò ní tún ṣẹlẹ̀."

"Irọ́ lò ń pa," ni wọ́n wí, wọ́n sì na àwo sí mi. "Bù sí i."