Òrùka Olókùúta Dúdú

Nígbà tí Olúdayọ̀ ṣí páálí kékeré kan níwájú Edith, ohun tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà ni pé, "Dayọ̀, ṣé èédú lo fẹ́ fi fẹ́ mi?"

Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn ní Sabon Gari ló ń retí òrùka àdéhùn tó ń kọ mànà. Òkúta tó jókòó sórí góòlù yìí dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Dáyámọ́ńdì ni," ni Olúdayọ̀ wí. Iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ ló ń ṣe káàkiri àwọn abúlé Kano. "Ẹnu irin tá a fi ń lu àpáta ni wọ́n máa ń to irú rẹ̀ sí. Nígbà tí irin náà gbó, ọ̀gá wa yọ èyí, ó ní kí n fi ṣe ìyàwó mi lọ́ṣọ̀ọ́."

"Dáyámọ́ńdì dúdú? Sọ òmíràn! Ẹni tó ṣe é ló máa yọ ọ́ kúrò!"

Pẹ̀lú ìbínú ni Edith gba ọ̀dọ̀ Bàdírù lọ, alágbẹ̀dẹ góòlù tó ṣe òrùka náà ní àdúgbò Noman's Land.

"Bàbá Ramlat, sannu da aiki," ló fi Haúsá kí Bàdírù kú iṣẹ́. "Ẹ bá mi yọ òkúta yìí, kí ẹ fi òkúta pupa sí i."

Bàdírù rẹ́rìn-ín, ó na fáìlì irin tó fi ń ha góòlù sí i. Gbogbo eyín fáìlì náà ti jẹ tán. "Mo fẹ́ gbẹ́ ẹ ní igun mẹ́rin, òun ló gbẹ́ fáìlì mi. Ọkọ rẹ ṣàlàyé fún mi: dáyámọ́ńdì funfun ní ìlà nínú bí igi, ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń là á yóò rí ibi tí yóò gbà. Èyí dà bí kókó igi, wóró wẹ́wẹ́ ló dì mọ́ra, ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò rí ojú ọ̀nà. Fi ha dígí yìí wò. Díẹ̀ o!"

Edith fà á. Ìlà funfun gbọọrọ la ojú àpótí onídígí Bàdírù já.

"Kai! Mo ní díẹ̀!"

Ẹ̀bẹ̀ àti ẹ̀rín ló dà pọ̀ mọ́ra lẹ́nu Edith. Ó wo òrùka náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nǹkan kékeré báyìí ló ti ń forí gbá àpáta títí omi fi sun fún ará abúlé! Ó fi í sọ́wọ́, kò sì bọ́ ọ mọ́.

Ó bá Olúdayọ̀ níbi tó jókòó fọwọ́ lẹ́rán sí ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Bàdírù kò gbà láti yọ ọ́ ni?"

"Èmi ni mi ò gbà."

Olúdayọ̀ dìde. "Èmi náà ńkọ́? Ṣé o gbà mí?"

"Mo gbà ọ́. Ṣùgbọ́n ebi ń pa mí."

Ni wọ́n bá jáde lọ ra máásà gbígbóná, àkàrà oníìrẹsì àwọn Haúsá, ní kọ̀rọ̀ òpópónà, wọ́n jẹ ẹ́ lórí ìdúró.