Ọ̀rọ̀ Ara Òkúta Ọdẹ́yalé

Òkúta ìrántí náà ti jókòó sórí àga nínú pálọ̀ kí Tísà Fámúrewá tó ti ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó ti kúrò létí títì Ìgbódùn níbi tí wọ́n rì í mọ́, koríko ṣì wà nídìí rẹ̀. Kò ya Tísà lẹ́nu. Ó kí i kú ìrìn, ó sì bu omi fún un.

Òkúta ní òun kò wá mu omi. Ó ní ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ gbẹ́ òun wà lóde, kò sì mọ̀wé, pé kí Tísà, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ara òun, wá bá a kà á.

Ọdẹ́yalé wọlé. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tó ti kú, síbẹ̀ kò jọ ẹni tó ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ. Ọdẹ ni. Nígbà tí ogun dó ti Ìgbódùn, òun ni ìlú ń rán lọ ṣe amí, nítorí kò sí ojú ọ̀nà ẹtu tí kò mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Tísà, arúgbó ni Tísà lójú rẹ̀. Ojú ti Tísà.

Tísà wọ awò ojú, ó kà á: "Ọdẹ́yalé, amí ogun Ìgbódùn. Ọwọ́ ọ̀tá ló kú sí níbí."

Ọdẹ́yalé ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ọmọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó bi í léèrè.

"Baba, ta ni ọ̀tá?"

Tísà mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un nígbà tó fẹ́ kú, ó sì ní kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó lanu láti dáhùn, ṣọ́ọ̀kì ló ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń ṣà á sápò.

Pálọ̀ ti di ẹnu bodè. Kùrukùru òwúrọ̀ bo odi ìlú. Jẹ́gẹ́dẹ́ oníbodè, baba ńlá Tísà, fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Ó jọ Tísà bí ẹni pọ̀ ọ́ sílẹ̀. Lóde, Ọdẹ́yalé ń kan ilẹ̀kùn. Ó ń wí pé àwọn ọ̀tá ti palẹ̀ mọ́, wọ́n ti lọ, ogun ti tán, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Ìyá Ọdẹ́yalé, obìnrin kúkúrú kan, di Jẹ́gẹ́dẹ́ lẹ́sẹ̀ mú. "Ohùn ọmọ mi nìyẹn."

Jẹ́gẹ́dẹ́ ní ọ̀tá a máa sín ohùn èèyàn jẹ, pé bí wọ́n ṣe wọ bodè kejì níjẹta nìyẹn. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ti ọ̀kọ̀ gba ihò ara ilẹ̀kùn. Kíkànkùn dáwọ́ dúró.

Ó fa ọ̀kọ̀ náà yọ, ó gbé e lé Tísà lọ́wọ́. "Èmi gún un lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Ìwọ kọ irọ́ rẹ̀ sára òkúta."

Tísà dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú obìnrin náà. Ṣọ́ọ̀kì ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá, àwa ni," ó ní. "Ilé wa ló pa á."

Obìnrin náà tọ́ka sí igi tó dábùú ilẹ̀kùn. Tísà dìde, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ yọ ọ́.

Títì ọlọ́dà ló wà lóde, oòrùn sì mú. Mọ́tò tò láti ìhà méjèèjì, àwọn awakọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣí fìlà. Kò sí òkú níbẹ̀. Ìyá Ọdẹ́yalé rìn dé àárín títì, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já eèmọ́, koríko tó máa ń lẹ̀ mọ́ni láṣọ nínú igbó. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń já a, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ibi tí orúnkún ọmọkùnrin máa ń ga dé títí dé ilẹ̀. Ó dà á sí etí ìró rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tán.

Ó gbójú sókè bí ẹni ń wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Gbé ẹsẹ̀ kejì wá," ó ní.